Pátákó Kọ́ Ni Ọbẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Oúnjẹ Tí Ó Dára Jù ní Ugbowo

Èrò kan ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ọ̀làjú ìlú kan wò, wọn kì í béèrè iye ilé ìkàwé tí ó wà níbẹ̀, wọn kì í sì í béèrè bóyá omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni irú oúnjẹ òkèèrè tí ènìyàn lè rí jẹ níbẹ̀. Ìlú tí ó bá ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà àti ti àwọn ará Lẹ́bánónì, ìlú ńlá ni lójú wọn. Bí ti àwọn ará Mẹ́síkò bá tún wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ìlú náà ti di Lọ́ńdọ̀nù kékeré. Èyí tí kò bá ní irú wọn, wọn a yínmú sí i, wọn a ní oko ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan Ugbowo ní ìlú Bìní, èrò yìí a máa fojú hàn kedere. Ní ọdún 1970 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Bìní sílẹ̀. Ní ọdún 1973 ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ugbowo ni àwọn méjèèjì wà lónìí, lójú ọ̀nà tí ó ti Bìní lọ sí Èkó. Wọ́n ti sọ àdúgbò náà di ibi tí onírúurú ènìyàn ń ya sí: Ẹ̀dó tí ó ni ilẹ̀, Esan, Urhobo, Ìṣẹ̀kírì, Ìgbò, àti ọmọ Yorùbá tí ó wá kàwé tàbí tí ó wá tọ́jú aláìsàn. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ebi a máa bá wọn débẹ̀. Ibi tí ebi bá sì dé, olóúnjẹ kò ní ṣàìdé. Láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì títí dé ìhà ọjà Uselu, àti ní abúlé Ekosodin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún bámúbámú, búkà kò jìnnà sí búkà.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá béèrè pé, “Níbo ni ilé oúnjẹ tí ó dára jù ní àdúgbò yìí wà?” akẹ́kọ̀ọ́ kì í tọ́ka sí búkà tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹun yó lówùúrọ̀. Ilé onígíláàsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn nínú rẹ̀ ni yóò tọ́ka sí, níbi tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà tí owó bá ti ilé dé. Bí àlejò náà bá jẹ́ ẹni tí ó ti rìn jìnnà, tí ó wá ń béèrè ilé oúnjẹ Mẹ́síkò, ojú a ti akẹ́kọ̀ọ́ náà nítorí ìlú tí ó ń gbé. Ìtìjú yìí ni àròkọ yìí dìde láti bá jà.

Òṣùwọ̀n tí kò tọ́ ni. Kì í ṣe pé oúnjẹ òkèèrè burú. Ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ ọmọnìkejì láìtọ́ ọ wò, aláìgbọ́n ni. Ohun tí ó burú ni pé àwọn tí ń fi oúnjẹ òkèèrè wọn ìlú kò mọ ohun tí ó sọ oúnjẹ òkèèrè náà di ohun iyì. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni, ìdí ìkòkò àwọn ìyá olóúnjẹ Ugbowo ni wọn ìbá ti kọ́kọ́ wá ilé oúnjẹ tí ó dára jù, wọn kì bá sì dákẹ́ nígbà tí a bá ń lé àwọn ìyá náà kiri.

Kí ni oúnjẹ Mẹ́síkò gan-an? Àgbàdo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ní àfonífojì odò Balsas ní Mẹ́síkò, ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí ó so dáradára nínú koríko kan tí ń jẹ́ teosinte, tí wọ́n ń gbìn ín, tí wọ́n tún ń ṣà á, títí ó fi di àgbàdo tí gbogbo ayé mọ̀. Ata tàtàṣé tí ń pọ́n ọbẹ̀ lójú, ìran ata tí àwọn ará Mẹ́síkò ti ń gbìn láti ayébáyé ni. Orúkọ tòmátì pàápàá, inú èdè Nahuatl, èdè àwọn Aztec, ni ó ti wá. Tomatl ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ wọn náà ni píà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jẹ búrẹ́dì ti wá. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó kó àwọn nǹkan wọ̀nyí ká ayé, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí etíkun Áfíríkà.

Ta wá ni ó lè sọ pé oúnjẹ Mẹ́síkò kò tíì dé Ugbowo? Ìyá tí ó ń ta ògì gbígbóná àti àkàrà ní kùtùkùtù, àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò fi ọwọ́ ṣà ni ó ń rò. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ ata kan ní gbogbo ìlú Bìní tí kò jẹ àwọn àgbẹ̀ náà ní gbèsè. Ọgbọ́n sísè pàápàá jọ ara wọn. Àwọn ará Mẹ́síkò a máa lọ àgbàdo, wọn a pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a sì fi ooru omi sè é. Tamale ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti tú ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín nínú ewé rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń sọ irè oko di oúnjẹ ìlú kan. Àwọn obìnrin Mẹ́síkò a máa se àgbàdo nínú omi tí a fi eérú tàbí òkúta ẹfun sísun sí, kí èèpo rẹ̀ lè bó, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọgbọ́n yìí ni ó ń tú èròjà kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí ara nílò. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó àgbàdo lọ sí Yúróòpù tí wọn kò kó ọgbọ́n náà lọ, àrùn pellagra tí ń bó àwọ̀ ara jẹ́ kí àwọn tálákà tí kò ní oúnjẹ mìíràn ju àgbàdo lọ jìyà, ní Ítálì àti lẹ́yìn náà ní gúúsù Amẹ́ríkà ti Wáṣíńtọ̀nù. Àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá náà gba àgbàdo, wọ́n sì fi ọgbọ́n tiwọn kàn án: wọ́n rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kí ó kan. Àgbàdo Mẹ́síkò di ògì Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó tún ń pè é ní oúnjẹ àjèjì.

Kí òǹkàwé má sì rò pé gbígbà nìkan ni ilẹ̀ yìí mọ̀. Nígbà tí àwọn Potogí dé Bìní ní àwọn ọdún 1480, ìyèré wà lára ohun tí wọ́n rà níbẹ̀ tí wọ́n sì gbé lọ tà ní Yúróòpù, kí ata ilẹ̀ Íńdíà tó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọba òyìnbó mọ adùn ìyèré Bìní kí ẹnikẹ́ni ní Bìní tó mọ adùn tàtàṣé. Ewé ìyèré yìí kan náà ṣì wà nínú ọbẹ̀ dúdú tí àwọn ìyá Ẹ̀dó ń sè títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọjá lára rẹ̀ láti lọ wá oúnjẹ tí yóò fi ṣe fáàrí, ó ti kọjá lára ohun tí àwọn ènìyàn tọ òkun wá rí.

Ó kù kí a yẹ ọ̀nà tí oúnjẹ Mẹ́síkò gbà gorí àga iyì wò. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ní ọdún 2021 wọ́n kọ ìrẹsì ẹlẹ́ja ti Sẹ̀nẹ̀gà náà mọ́ ọn. Ohun tí àjọ náà tọ́ka sí ní Mẹ́síkò ni oko àgbàdo, ọlọ òkúta, ìmọ̀ àwọn obìnrin abúlé tí ń sè, àti ọ̀nà tí ìyá ń gbà fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ilé gíga àti aṣọ tábìlì funfun kò sí nínú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìwé atọ́nà Michelin, tí àwọn ọlọ́rọ̀ àgbáyé fi ń yan ibi tí wọn yóò ti jẹun, fún ibì kan ní Ìlú Mẹ́síkò ní ìràwọ̀ kan. Taquería El Califa de León ni orúkọ ibẹ̀. Láti ọdún 1968 ni ó ti wà. Yàrá kékeré ni, kò sí àga tí ènìyàn lè fìdí lé dáradára. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ ń dúró jẹ ẹran tí a yan, tí a fi àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ ká. Ẹ̀yà rẹ̀ nìyẹn: búkà ni. Bí ó bá jẹ́ pé Ugbowo ni ó wà, akẹ́kọ̀ọ́ ìbá jẹun níbẹ̀ tán, yóò sì nu ẹnu rẹ̀ nù kí ó tó júwe ilé onígíláàsì fún àlejò.

Ìtàn Texas tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tí ó korò ju èyí lọ. Títí di ọdún 1836, ara Mẹ́síkò ni Texas. Ní ọdún 1845 ni ó wọ inú Amẹ́ríkà. Nígbà tí ààlà yí padà, ìkòkò kò yí padà. Ní ìlú San Antonio, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin tí ìran wọn jẹ́ ti Mẹ́síkò a máa gbé tábìlì sí gbàgede ní ìrọ̀lẹ́, wọn a tan àtùpà, wọn a dáná igi, wọn a sì máa ta ẹran tí a fi ata sè, èyí tí ń jẹ́ chili con carne. Àwọn arìnrìn-àjò a máa ya sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì fún wọn ní oyè: Àwọn Ọbabìnrin Chili. Láti inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ayé ń pè ní Tex-Mex ti jáde.

Kí ni èrè wọn? Ní àwọn ọdún 1890, ọkùnrin kan tí ó ti Jámánì wá, William Gebhardt, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata chili lílọ̀ ní Texas. Òwò náà sì gbilẹ̀ jìnnà. Àwọn obìnrin náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi wọn. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn aláṣẹ ìlera ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin há wọn mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí tábìlì wọn fi kúrò ní gbàgede pátápátá. Ní ọdún 1977, ilé aṣòfin Texas kéde chili ní oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn. A fi oúnjẹ náà jọba nígbà tí àwọn tí ó sè é kò sí níbi ìwúyè mọ́.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí tí ó rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni, kí ó lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìlú èyíkéyìí ní Nàìjíríà ní ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá jáde láti “tún ìlú ṣe.” Ìkòkò olóúnjẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbá dànù. Wọn kì í béèrè pé ìgbà wo ni ìyá náà ti wà níbẹ̀, tàbí iye ọmọ tí ó ti fi ìkòkò náà rán ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó kàwé sì ń dákẹ́, nítorí pé ní ọkàn wọn, wọ́n gbà pé búkà kì í ṣe ilé oúnjẹ. Òṣùwọ̀n tí kò tọ́ yìí ni ó ń fún àwọn tí ń fọ́ ìkòkò ní ẹnu.

Kí ni wọn yóò wá pàdánù ní Ugbowo bí àwọn ìkòkò wọ̀nyí bá lọ? Ọbẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, èyí tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Omoebe: ewúro, ẹfínrín àti ewé ìyèré ni a ń lọ̀ pọ̀ títí yóò fi dúdú kirikiri, tí a óò sì sè é pẹ̀lú ẹja àti ẹran. Iyán wà níbẹ̀, ema lẹ́nu wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọ̀ràńmíyàn àti Èwékà kò ní bá wọn jà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ gún un. Ọbẹ̀ ẹ̀pà wà níbẹ̀, àti àpọ̀n tí wọ́n ń pè ní ogbono. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Urhobo àti Ìṣẹ̀kírì ni usi ti bá wọn débẹ̀, èyí tí a fi omi pákí tí ó sílẹ̀ ro pẹ̀lú epo pupa títí yóò fi máa fà bí ọ̀dà, pẹ̀lú ọbẹ̀ owo tí a fi epo àti kán-ún sè, àti ọbẹ̀ ẹyìn tí gbogbo ayé mọ̀ sí bàǹgà. Àdúgbò kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo èyí jọ. Ìlú wo ni ó tún ń wá ọlá kiri lẹ́yìn èyí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní yọ ọmọ Yorùbá sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn óò lo ọdún mẹ́rin ní Ugbowo, tí wọn kò ní fi usi kan ẹnu. Àmàlà ni wọ́n ń wá láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí wọ́n bá rí i, wọn óò ní èlùbọ́ rẹ̀ kò dúdú tó, ewédú rẹ̀ kò yọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ilé, wọn óò máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sí oúnjẹ ní Bìní. Ìwà kan náà ni ti ẹni tí ń wá Mẹ́síkò ní Ugbowo àti ti ẹni tí ń wá Ìbàdàn níbẹ̀: àwọn méjèèjì kò wo ibi tí wọ́n wà. Àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà; akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ìwé ju ìyá olóúnjẹ lọ, kò lè ní ọdún tí ó ti lò nídìí iná.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọn yóò ní búkà dọ̀tí, eṣinṣin ń fò, omi kò tó, ènìyàn kì í sì í mọ iye tí yóò san kí ó tó jẹun tán. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ kò ran olóúnjẹ lọ́wọ́, nítorí onígbáméjì kì í wo ojú ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà. Kí a sọ fún ìyá tí kì í bo ìkòkò rẹ̀ pé kò dára, kí a sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó fa omi ẹ̀rọ dé ẹ̀bá ọ̀nà? Ta ni ó yẹ kí ó gbẹ́ gọ́tà, kí ó sì kó ààtàn? Àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ìyá náà ni. Bí ìjọba bá rí owó gbé ọkọ̀ tí ń wó búkà jáde, ó yẹ kí ó rí owó fa omi dé ibẹ̀.

Kí àwọn alátakò náà sì dáhùn ìbéèrè kan: ta ni ó ń wo ilé ìdáná ilé onígíláàsì? Ní búkà, ojú oníbàárà ni a ń bu ọbẹ̀, ó ń rí ọwọ́ tí ó bù ú, ó ń rí omi tí a fi ṣan àwo. Ní ilé onígíláàsì, ẹ̀yìn ògiri ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọbẹ̀ tí a sè ní ìjẹta, tí a gbé sínú ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan dì, tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ lé e lórí lóru, tí a tún gbé kaná lówùúrọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kò lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Ìmọ́tótó ohun tí a rí àti ti ohun tí a kò rí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn mìíràn yóò ní oúnjẹ òkèèrè ń la ènìyàn lójú. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilé oúnjẹ Mẹ́síkò sí Ugbowo, kí ó ṣí i, kí àwọn ènìyàn lọ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni a óò fi wọ̀n ọ́n. Ṣé àgbàdo tí a bó pẹ̀lú ẹfun tí a sì lọ̀ ni ó ń lò, àbí ti inú ọ̀rá tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá? Ṣé Mẹ́síkò ni ó ń sè, àbí Texas? Ní ọdún 1972, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Diana Kennedy, tí ó gbé Mẹ́síkò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fa ààlà sáàrin oúnjẹ Mẹ́síkò gan-an àti èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ Texas kò di ìdọ̀tí nítorí ìyẹn. Ó ní adùn tirẹ̀, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni kí olúkúlùkù máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ro láfún tí ó ń pè é ní àmàlà ìṣu, kò ṣe ohun tí ó dára fún láfún, kò sì ṣe é fún àmàlà.

Báwo wá ni ẹni tí ebi ń pa ṣe lè mọ ibi tí ó dára jù? Kí ó kọ́kọ́ yí ìbéèrè rẹ̀ padà. “Níbo ni ilé oúnjẹ tí ó dára jù?” kò ní ìdáhùn, nítorí kò sí olóúnjẹ kan tí ó mọ gbogbo ọbẹ̀ sè. Kí ó béèrè pé, “Ta ni ó mọ ọbẹ̀ dúdú sè? Ta ni ó mọ usi ro?” Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń jẹ oúnjẹ náà láti kékeré. Ẹ̀dó ni yóò júwe Omoebe, Urhobo ni yóò júwe owo. Fóònù lè sọ ibi tí ilé kan wà. Kò lè sọ bí ewúro ibẹ̀ ṣe bọ́ tó.

Kí ó tún wo ìkòkò. Ibi tí ọbẹ̀ ti ń tán kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí púpọ̀, tí olóúnjẹ sì ń sọ fún ẹni tí ó pẹ́ pé “ó di ọ̀la,” ibẹ̀ ni a ti ń sè é lójoojúmọ́. Kí ó wo iye oúnjẹ tí wọ́n ń tà. Ìyá tí ó ń sè ọbẹ̀ mẹ́ta lè mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹní mowó. Ilé tí ó kọ ogójì oúnjẹ sára pátákó, ẹ̀rọ amóhundì ni ó ń sè é. Kí ó wo àwọn tí ó jókòó. Bí ó bá rí nọ́ọ̀sì tí ó jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru, awakọ̀, àti olùkọ́ tí wọ́n jọ ń jẹun lórí bẹ́ńṣì kan náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì wá ṣe fáàrí, kí ó jókòó tì wọ́n. Kí ó wá wo ọwọ́ olóúnjẹ àti omi rẹ̀. Bí èyí bá kùnà, kí ó dìde, ìbáà ṣe pé gbogbo ìyókù dára.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù lọ. Ìyá tí ó ń lọ ewé Omoebe mọ ìyàtọ̀ ewé kan sí èkejì, ó mọ èyí tí a ń kọ́kọ́ sọ sínú omi, ó mọ orúkọ wọn ní Ẹ̀dó, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n ní Yorùbá pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá lè jẹ ìyèré títí kí ó má mọ̀ pé ìyèré ni. Nígbà tí ìkòkò bá kúrò lórí iná, ọ̀rọ̀ tí ń bẹ nídìí rẹ̀ ń bá a lọ, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó lè fi ẹnu tọ́ ọ wò padà. Àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí. Dípò kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ kíláàsì lọ wo ilé gíga nìkan, kí wọ́n rán wọn sí ìdí ìkòkò pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí wọ́n kọ orúkọ ewé, ohun èlò àti ọ̀nà sísè sílẹ̀, kí wọ́n sì pe ìyá olóúnjẹ ní orúkọ tí ó tọ́ sí i: olùkọ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí àlejò bá bi léèrè ní Ugbowo má ṣe tijú mọ́. Kí ó mú àlejò náà lọ sí búkà tí òun ti ń jẹun gan-an, kí ó ra omi mímọ́ fún un, kí ó sì sọ fún un pé ìyèré tí ó wà nínú ọbẹ̀ yìí ni àwọn Potogí tìtorí rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àwọn aláṣẹ bá sì dé láti wó búkà náà, kí ó wà lára àwọn tí yóò béèrè ibi tí omi àti gọ́tà wà, kí ìkòkò ìyá náà tó ṣubú.